Ọdún tí Bàbá Mi Béèrè Apá Àgbò Rẹ̀

Kí n tó la ẹnu sọ ìtàn kankan, ọpẹ́ ló yẹ kí ó ṣáájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí n dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń kọrin ìyìn kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì tún fún mi ní ẹbí tí ń kírun wákàtí márààrún lójoojúmọ́. Modúpẹ́ ni àwọn òbí mi sọ mí. Bí ọjọ́ orí mi ti ń lọ sókè ni mo ń mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n fi orúkọ náà rán mi.

Bí mo bá gbóòórùn irun àgbò lórí iná, níbikíbi tí mo bá wà, mo ti padà sí ẹ̀yìnkùlé ilé ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí. Láàárọ̀ Ìléyá, igbe àgbò ló ń jí wa. Lẹ́yìn náà gbogbo àdúgbò á dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí àwọn aládùúgbò wa ti lọ sí Yídì pẹ̀lú aṣọ funfun wọn tí ó ń ta yòò. Tí wọ́n bá sì ti dé, háà! Èéfín á gba ojú ọ̀run, ọ̀bẹ á máa dún lára òkúta, àwọn ọmọ á máa sá káàkiri pẹ̀lú bàtà tuntun tí ó ń ha wọ́n lẹ́sẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì á gun orí àga lẹ́yìn fèrèsé, a ó máa ka iye àgbò tí wọ́n ń wi lórí iná, a ó sì máa gbé itọ́ mì. Ọmọ pásítọ̀ ni wá o, ṣùgbọ́n imú kò mọ ìjọ.

Bàbá mi ni pásítọ̀ ìjọ tí ó wà níwájú ilé yẹn. Ìjọ ló ni ilé, ìjọ ló ni àga, ìjọ ló ni ibùsùn tí a ń sùn lé. Láti Ìjẹ̀bú-Imusin ni wọ́n ti gbé wa wá síbẹ̀. Pásítọ̀ Mátíù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń pè é ní Mufu.

Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Àlájà. Aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Inú ilé ìmàle pọ́ńbélé ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, Mufutáù sì ni orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi. Ìyá wọn kú nígbà tí ó ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tí kò tíì ju ọmọge lọ, ló fi owó aṣọ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti gba Jésù. Nígbà tí ó délé tí ó sọ ọ́, àwọn àgbà ẹbí ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìyá Àlájà ló dìde dúró láàárín àgbàlá, ó so gèlè mọ́ ìdí, ó ní: "Ẹ jẹ́ kó máa gbàdúrà níbi tó bá ti rí àyè. Ṣùgbọ́n ilé yìí ni yóò ti máa jẹun." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi parí ìpàdé. Bàbá mi ti sọ ìtàn náà fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò mi kékeré fi lè fi gèlè màámi ṣe é bí eré.

Nítorí náà, lọ́dọọdún, tí wọ́n bá pa àgbò Ìyá Àlájà, apá kan nínú rẹ̀ ti bàbá mi ni. Kì í ṣe itan, kì í ṣe ìhà: apá ọ̀tún ni. Inú bàsíà funfun kan tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á fi aṣọ bò ó, Ràṣídì ọmọ Ìyá Àlájà á gbé e wá. Ẹ sì mọ àṣà wa, abọ́ kì í padà lófìfo. Bàsíà náà á wà lọ́dọ̀ wa títí di Kérésìmesì, màámi á fi ìrẹsì àti adìyẹ kún un, á tún di ti Ìyá Àlájà títí di Ìléyá. Bàsíà yẹn kò ní ilé kan pàtó. Màámi máa ń sọ pé, "Àwo ń lọ, àwo ń bọ̀, òun ló ń mú ẹbí dùn."

Ohun tí ó le níbẹ̀ ni pé ìjọ wa kò gbà kí a jẹ ẹran Ìléyá. Wọ́n ní ẹran ìrúbọ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin náà wà nílẹ̀ bí ajá arúgbó tí kì í gbó mọ́. Ta ni ó fẹ́ jí i? Kò sí ìdílé kan nínú ìjọ wa tí kò ní Làmídì tàbí Sìkírátù nínú ẹbí. Bàbá mi kò wàásù rẹ̀ rí. Ó ti gbàdúrà sí i, ó ti ka Bíbélì rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ẹran tí ọmọ ìyá ẹni bá fi ìfẹ́ gé fún ni.

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ni wọ́n fi Alábòójútó tuntun jẹ lórí gbogbo ìjọ wa ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Èmi kò ní pe ọkùnrin náà ní ènìyàn búburú, nítorí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló gbé ọwọ́ lé bàbá mi lórí nígbà tí wọ́n fi í joyè pásítọ̀, bí ọmọ ló sì ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti fi ẹnu kan òfin, ó di irin. Ó pe gbogbo pásítọ̀ jọ, ó ní àwọn ọmọ ìjọ ń rin ọ̀nà méjì, wọn kò gbóná, wọn kò tutù. Pásítọ̀ tí ó bá gba ẹran Ìléyá wọlé lọ́dún náà, kí ó bọ́ kọ́là ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fún ìjọ ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó ní kí kálukú lọ ka ìkìlọ̀ náà sétí ìjọ rẹ̀ ní Sunday tí ó ṣáájú Ìléyá.

Bàbá mi kà á. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin tí ó máa ń wàásù tí gbogbo fèrèsé á máa gbọ̀n, ó ka ìwé yẹn bí ẹni tí iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀. Ó parí, ó ní, "Ohun tí ìjọ wí nìyẹn. Mo ti kà á." Ó lọ jókòó. Kò sẹ́ni tí ó ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ, àgbàlagbà kan tí kò mọ bí a ti ń dákẹ́, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Pásítọ̀, omi ọbẹ̀ ńkọ́? Wọn ò ṣáà dárúkọ omi ọbẹ̀."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Nílé, màámi kò rẹ́rìn-ín rárá. "Bàbá Dúpẹ́, ọmọ mẹ́ta rèé. Tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́, inú ilé ta ni a ó kó wọn sí?"

"Mo ti gbọ́, Ìyá Dúpẹ́."

"Ẹ lọ sọ fún Ìyá Àlájà kí wọ́n má fi ránṣẹ́ lọ́dún yìí. Á yé wọn."

Nígbà tí Ìléyá ku ọjọ́ mélòó kan, bàbá mi fà mí lọ́wọ́, a lọ. Inú mi dùn, nítorí a kì í lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àlájà kí a má jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n gbé fún wa, ti ewùrà tuntun, ó gbóná, ó ń yọ́, ẹja inú rẹ̀ tóbi ju ọwọ́ mi lọ. Ẹ̀yìn àgbàlá ni àgbò wọn wà, ó ga, ìwo rẹ̀ ká bí okùn. Bàbá mi jẹun, ó yin ọbẹ̀, ó béèrè ọjà, ó béèrè ẹsẹ̀ tí ń dun Ìyá Àlájà. Lẹ́ẹ̀mejì ó wúkọ́ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ló tún bu ìkọ́kọrẹ́ sẹ́nu. Bí a ṣe dìde nìyẹn. Ìyá Àlájà sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹ̀yìn bàbá mi títí a fi yà ní kọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ní, "Dúpẹ́, okùn ọmọ ìyá yi o. Ènìyàn kì í mọ bó ti yi tó, àfi tó bá fẹ́ gé e."

Ọjọ́ Ìléyá pé. Màámi ti ilẹ̀kùn iwájú, ó ti ti ẹ̀yìn, bí ẹni tí ó ń retí ogun. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò ti Yídì dé ni a gbọ́ ìró mọ́tò. Ta ni? Alábòójútó ni! Òun fúnra rẹ̀ ń kiri láti ilé pásítọ̀ dé ilé pásítọ̀, ó ti ti Ayépé àti Imusin bọ̀. Ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó na ẹsẹ̀, ó ní kí bàbá mi fún òun lómi. Màámi sáré sí ìdáná láti dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún un. Àwa ọmọ wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, à ń yọjú wò wọ́n.

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé Ìyá Àlájà fúnra wọn ló máa gbé bàsíà wá lọ́jọ́ náà, n kò ní gbà. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn nìyẹn, nínú léèsì funfun, bàsíà elétí búlúù lórí, Ràṣídì lẹ́yìn wọn. "Ẹ kú ọdún o! Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé ẹ ti sá lọ ni?"

Bàbá mi ló ṣí ilẹ̀kùn. Tòun ti kọ́là ọrùn rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ̀gbọ́n mi."

Alábòójútó ti dìde dúró. "Pásítọ̀ Mátíù. Mọ ohun tí o fẹ́ fi ọwọ́ kàn."

Ìyá Àlájà wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti gbọ́ òfin yín lọ́jà. Ṣé ẹ rò pé nǹkan máa ń bò lọ́jà Ìjẹ̀bú ni?" Wọ́n ṣí aṣọ orí bàsíà. "Ẹran màlúù nìyí. Mo rà á lọ́wọ́ alápatà lánàá. Wọn ò pa á fún ọdún kankan, wọn ò pè é ní nǹkan kan." Wọ́n yíjú sí bàbá mi. "Mufu, o wá sọ́dọ̀ mi, o jókòó, o jẹ ìkọ́kọrẹ́, o ò lè sọ ọ́. Mo mọ ohun tí o bá wá. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n lé ọ nílé nítorí mi."

Ojú Alábòójútó tú ká. "Màmá, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ gbọ́n!" Màámi ti jáde láti ìdáná pẹ̀lú ọwọ́ tí ó kún fún ewùrà, ó fẹ́ gba bàsíà, omi ti dé ojú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti parí. Ìjọ ò jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n ò bínú, ẹran sì wà nílé! Èmi àti àwọn àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Bàbá mi kò gba bàsíà. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Apá àgbò mi dà?"

"Mufu."

"Apá ọ̀tún. Níbo ló wà?"

"Ó wà nílé. Mo fẹ́ fi ṣe sàárà fún àwọn aláìní."

"Ràṣídì," ni bàbá mi wí, "sáré lọ gbé e wá."

Ràṣídì wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá mi, ó sáré. Alábòójútó jókòó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí eékún ń dùn. "Mátíù, ṣé ẹran lo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí eyín kan ti ń dùn mí. Tó bá ṣe ti ẹran ni, ti alápatà yìí ló máa rọ̀ mí lọ́rùn." Ìyá Àlájà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá gba màlúù yìí, mo ti gbà pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń yà sọ́tọ̀ fún mi láti kékeré jẹ́ ohun àìmọ́. Ọkàn mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ sí i, sà. Ẹnu mi ló ka ìwé yín níwájú ìjọ, ọkàn mi kò bá a kà á."

"Tí ẹran yẹn bá kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, mo ti búra. O mọ̀ pé mo ti búra."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣe é bí ẹ ti búra."

Màámi sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré: "Bàbá Dúpẹ́, ilé ńkọ́?"

Ìyá Àlájà gbá bàbá mi ní apá. "Olóríkunkun! Gba màlúù, jẹ́ kí n máa lọ. Èmi ò bínú."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa gbàdúrà níbi tí mo bá ti rí àyè," ni bàbá mi dáhùn. "Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ má wá gba ilé tí mo ti ń jẹun lọ́wọ́ mi."

Ìyá Àlájà jókòó sílẹ̀, wọ́n fi léèsì bo ojú.

Kò sí ohun tí ó pẹ́ tó ìdúró yẹn láyé mi. Ọ̀jọ̀jọ̀ ń jó nínú epo, kò sẹ́ni tí ó lọ yọ ọ́. Nígbà tí Ràṣídì yọ ní kọ̀rọ̀, apá àgbò lórí rẹ̀ nínú àwo, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹ̀wù tuntun rẹ̀, àbúrò mi kékeré pariwo, "Ó ti dé!" bí ẹni rí ọkọ̀ ojú irin. Àwọn aládùúgbò ti jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn. Bàbá mi lọ pàdé rẹ̀ ní gbangba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e wọlé, ó sì gbé e sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó fi omi ṣan ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó bọ́ kọ́là funfun náà, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Alábòójútó pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé.

Alábòójútó wo kọ́là náà. Ó ní, "Èmi ni mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí, Mátíù." Ó fi áńkáṣíìfù wé kọ́là náà bí ẹni wé ẹyin, ó kọjú sí ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ló wà nígbà tí Ìyá Àlájà gbé orí sókè.

"Alàgbà, ṣé ẹ ò ní jẹun kẹ́ ẹ tó lọ ni?"

"Ẹ ṣeun, Mà. Mo ti yó."

Màámi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé omi nìkan ni ọkùnrin náà fi kan ẹnu nílé wa lọ́jọ́ yẹn.

A kó kúrò. Yàrá méjì ni Ìyá Àlájà fún wa nínú àgbàlá wọn, fèrèsé kan kọjú sí ibi tí wọ́n ń so àgbò mọ́. Bàbá mi ń kọ́ni ní ìmọ̀ Bíbélì ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn lọ. Lọ́jọ́ Sunday, ìjọ mìíràn ni a ń lọ, àga ẹ̀yìn ni a ń jókòó sí. Mo máa ń rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí ọrùn rẹ̀, tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀, tí ó ń sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dùn ún. Èmi kò ní parọ́ fún yín pé kò dùn ún. Ọdún gorí ọdún kí ìjọ náà tó pè é láti máa wàásù.

Màámi kò bá a sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Kérésìmesì, ó se ìrẹsì, ó fi itan adìyẹ lé e, ó kó o sínú bàsíà elétí búlúù. Ó wẹ̀, ó wé gèlè, ó wọ bàtà tí ó ń wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó, ó sì gbé bàsíà rírù láti ẹnu yàrá wa kọjá àgbàlá lọ sí ẹnu yàrá Ìyá Àlájà. Àgbàlá yẹn kò gùn ju ibi tí ọmọdé lè ju òkúta dé lọ. Ìyá Àlájà rí i tí ó ń bọ̀ tìlù-tìfọn bẹ́ẹ̀, wọ́n pariwo, "Ìyàwó, ṣé láti Ìbàdàn lo ti ń bọ̀ ni?" Ẹ̀rín pa gbogbo àgbàlá. Bàbá mi wà lẹ́bàá kànga, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo ojú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé a ti délé.

Ìyá Àlájà ti lọ bá Ọlọ́run, bàbá mi náà ti lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ láyé tó láti rí mi nínú kọ́là tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run pe èmi náà. Ọwọ́ bàbá mi tí ó ń gbọ̀n ló bá mi so bọ́tìnnì ẹ̀yìn ọrùn, ó ní, "Má so ó le jù o, Dúpẹ́. Kó ṣeé bọ́." Àwọn tó dúró tì wá rò pé ó ń ṣe àwàdà.

Ìjọ tí mo ń sìn ní òfin tirẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òfin náà, mo máa ń kà á sókè ketekete. Ọ̀kan tàbí méjì wà tí iyanrìn ń wà lẹ́nu mi tí mo bá dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn rò pé ẹran ni bàbá òun jà fún, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹran borí. Ó rò pé kò sóhun tó rọrùn tó kí ènìyàn dúró láàárín pálọ̀ kí ó béèrè apá àgbò rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ń kọ èyí mọ iye tí ilé ń ná ni, ó mọ bí ọrùn òfìfo ti ń tutù tó. Mo máa ń fi ìka kan bọ abẹ́ kọ́là mi láràárọ̀ kí n tó jáde, kí n mọ̀ bóyá ó ṣì ṣeé bọ́. Títí di òní, ó ṣì ṣeé bọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì dán an wò.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ Ràṣídì gbé bàsíà wá fún mi. Etí búlúù rẹ̀ ti hó níbi púpọ̀. Apá ọ̀tún ló wà nínú rẹ̀.

Ìwọ tí o ka èyí dé ìparí, bàsíà ilé rẹ kò ní ṣófo. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí ọjọ́ tí wàá ní láti yan láàárín Òun àti ọmọ ìyá rẹ. Bí ọjọ́ náà bá sì dé, kí ó bá ọ pẹ̀lú ọkàn tí ó mọ́, ọwọ́ tí kò gbọ̀n, àti ẹnìkan tí yóò fún ọ ní yàrá. Àmín.